Ẹyin Igi Mẹ́rin

Igi ni ẹyẹ náà ń sàba lé. Ohun tí a bá níbẹ̀ láàárọ̀ Sunday yẹn nìyẹn, nígbà tí aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, tí atẹ́gùn ń fẹ́ wá láti orí adágún, tó ń wọ inú jákẹ́ẹ̀tì mi bí ẹni pé òun ló rà á.

Ẹyẹ yìí kò tóbi ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Àwọ̀ iyanrìn ló ní, bó bá sì ń sáré létí omi, o ò ní rí ẹsẹ̀ rẹ̀ rárá. Plover ni àwọn òyìnbó ń pè é. Àwa ará mọ́ṣáláṣí tí a yọ̀ǹda ara wa láti máa ṣọ́ ọ ti sọ ọ́ ní Asáré-létí-omi. Odidi ọdún mẹ́sàn-án ni kò fi yé ẹyin kankan sí Cutler's Spit, ilẹ̀ tóóró oníyanrìn tó na ọwọ́ wọ inú adágún Ontario. Lọ́dún yìí, ó yé mẹ́rin. A fi àgò wáyà bo ìtẹ́ náà kí ajá àti raccoon, ẹranko igbó tó ń jí ẹyin jẹ lóru, má baà débẹ̀, a sì pín ara wa sí shift láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Nọ́ọ̀sì wà nínú wa, awakọ̀ tírélà wà, ẹni tó ń ta ẹran náà wà. Kò sẹ́ni tó ń san kọ́bọ̀ fún wa. Èmi Fọlá tí n kì í jí fún ìyàwó mi, mò ń jí fún ẹyẹ.

Chloe, ọmọbìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wa níbẹ̀, ló kọ́kọ́ rí i. Ó gbójú lé awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Ẹyẹ náà dìde láti na ìyẹ́ apá rẹ̀, Chloe sì rí nọ́ńbà tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára ẹyin kan.

"Fọlá," ó pè mí, "that egg has a number three on it."

Mo mọ nọ́ńbà yẹn. Alhaji Bọ́ládé, baba ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ káfíńtà kó tó fẹ̀yìn tì, ló gbẹ́ ẹyin igi mẹ́fà, tó kùn wọ́n, tó sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a lè máa fi kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lẹ́kọ̀ọ́. Inú àpótí ní ahéré irinṣẹ́ ni wọ́n máa ń wà. A sáré lọ wò ó. Méjì péré ló kù nínú àpótí náà.

Kí aago mẹ́jọ tó lù, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá nídìí òfin ẹranko igbó ti dé pẹ̀lú mọ́tò ìjọba. Kí ó tó di mẹ́jọ ààbọ̀, ó ti mú olè. Olè náà ni Abdulhakeem, àbúrò ìyàwó mi.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bọ́rọ̀ Abdulhakeem ṣe jẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́fà ní ìlú yìí, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Bramalea ló ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ó ti ṣe ìdánwò láti di ọmọ onílùú, ó ti yege, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló kù kí ó lọ búra. Bí wọ́n bá kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó jẹ́jọ́ nítorí ẹyẹ tí òfin ń dáàbò bò, ìbúra yẹn á dúró, kò sì sẹ́ni tó mọ ọdún tí yóò tún lọ. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bẹ̀ ẹ́ ní oṣù kẹta pé kó wá bá wa ṣọ́ ẹyẹ, pé yóò mú kó rí ènìyàn bá ṣe ọ̀rẹ́. Inú mi kò dùn sí ara mi rárá láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá obìnrin náà kò pariwo. Ó ka ẹ̀sùn rẹ̀ bí ẹni ń ka oògùn fún aláìsàn. Abdulhakeem ló wà ní shift ìdájí. Kọ́kọ́rọ́ ahéré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun kò kúrò lórí àga. Paríparí rẹ̀, ní nǹkan bí ogún ìṣísẹ̀ sí ìtẹ́ náà, ojú eékún méjì wà lórí iyanrìn, níbi tí ẹnì kan ti kúnlẹ̀ tó sì dojú bolẹ̀.

"Àwọn kan wà tó ń kó irú ẹyin báyìí jọ," ó wí lédè òyìnbó. "Wọ́n á fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀ kí a má baà tètè mọ̀. Ibí yìí ló sápamọ́ sí. Ní aago mẹ́wàá, mò ń mú un lọ."

Mo yọ fóònù, mo pe Auntie Morufat.

*

Auntie Morufat kì í ṣe ọlọ́pàá. Ilé iṣẹ́ insurance ní Markham ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìlélógún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti mọ̀ bóyá ẹni tó ní ẹ̀yìn òun kán ni wọ́n rí tó ń gbé fìríìjì gun àtẹ̀gùn. Àwọn òpùrọ́ Ontario mọ̀ ọ́n, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ Saturday, òun náà máa ń wá ka ẹyẹ pẹ̀lú wa. Ó dé pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì òtútù nínú oṣù kẹfà, ẹ̀pà wà nínú àpò rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kò lọ síbi ìtẹ́. Àga Abdulhakeem ló kọ́kọ́ lọ wò, àga aláṣọ kan tí a máa ń ká. Ó fi ìka kàn án, ó sì lọ bá ọmọkùnrin náà níbi tó dúró sí.

"Ṣé o kúrò lórí àga?"

"Rárá, Auntie."

"Abdulhakeem."

"Auntie, mo ní rárá."

"Òjò rọ̀ láàárọ̀ yìí. Omi tó wà lójú àga yẹn, ó tó fi ṣe àlùwàlá. Bí ìdí rẹ bá wà níbẹ̀, níbo ni òjò gbà débẹ̀? Jákẹ́ẹ̀tì rẹ gan-an gbẹ táútáú."

Abdulhakeem wo ilẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ìyá rẹ̀ ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Auntie, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mi ò sùn. Mo kírun Àsùbáà tán, mo padà sórí àga, òjò dé, mo sá wọ mọ́tò. I swear, I just closed my eyes. Chloe ló wá kan wíńdò kí n tó jí, ó rò pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò ni."

"Kí ló dé tó o purọ́ fún ìjọba?"

"Ẹ̀rù bà mí. Three weeks ló kù, Auntie. Mo rò pé tí mo bá ní mo sùn lórí duty, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀."

"Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tìrẹ kò tilẹ̀ lo wákàtí kan. Dúró síbẹ̀, má tún dá sí ọ̀rọ̀ mọ́."

Mo bi Auntie bóyá ó gbà á gbọ́. Ó ní òun kò tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́, pé iyanrìn ni òun fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

*

Kí ó tó bá iyanrìn sọ̀rọ̀, èmi náà ti rí olè tèmi. Ọkùnrin kan wà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí òkè, kámẹ́rà rẹ̀ gùn bí apá mi, kúlà ńlá kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ lé. Mo sọ fún ọ̀gá obìnrin náà pé ẹyin wà nínú kúlà yẹn. Mo sọ ọ́ tìdánilójú tìdánilójú. Wọ́n ṣí i. Búrẹ́dì àti ẹja alágolo ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi ọsàn kan. Ọkùnrin náà wò mí lókè délẹ̀. Ojú tì mí.

Auntie Morufat kò wo kúlà. Ó bẹ ọkùnrin náà pé kó fi àwòrán rẹ̀ han òun. Ọ̀kan ṣoṣo ló yà kí atẹ́gùn tó lé e padà sínú mọ́tò, ní aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Nínú àwòrán náà, ìgbì funfun ti ń wọ́ bọ̀ lórí iyanrìn, ó ń bọ̀ lọ́nà ibi tí àgò wà. Nígbà tí a ń wò ó yìí, omi ti padà sẹ́yìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá.

"Ẹ ṣeun," ó sọ fún ọkùnrin náà. Ó tún sọ fún mi ní Yorùbá pé, "Fọlá, lọ bẹ̀ ẹ́." Mo lọ bẹ̀ ẹ́.

*

Auntie Morufat pe ọ̀gá obìnrin náà wá síbi ojú eékún. Kò bá a jà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka.

"Eékún méjì nìyí. Ọwọ́ méjì nìyí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Kí ni kòtò kékeré tó wà láàárín yìí?"

Ọ̀gá obìnrin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. "Ìgbọ̀nwọ́?"

"Iwájú orí ni. Ojú imú rẹ̀ nìyẹn nísàlẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ rèé lẹ́yìn, kò wọ bàtà. Ibi tó kọjú sí, àárín àríwá àti ìlà oòrùn ni, ibẹ̀ ni gbogbo wa ń kọjú sí ní ìlú yìí bí a bá ń kírun. Ẹ̀yìn ló kọ sí ẹyin yín, madam. Kò sí olè tó ń kọ ẹ̀yìn sí ohun tó fẹ́ jí."

Chloe rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì tètè pa á mọ́ra.

"Ẹ tún wo inú rẹ̀," Auntie ń bá a lọ. "Ihò wínníwínní kún ibẹ̀. Ojú ẹ̀kán òjò ni. Ó kírun kí òjò tó rọ̀. Ẹ tẹ̀ lé ẹsẹ̀ rẹ̀: láti àga wá síbí, láti ibí padà sí àga, láti àga lọ sí mọ́tò. Ihò òjò wà lára gbogbo rẹ̀. Kò sí ọ̀kan tó dé ìdí àgò."

A wá bọ́ sí ibi àgò. Ipasẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo ló lọ síbẹ̀, ojú ẹsẹ̀ bàtà rọ́bà tí gbogbo wa jọ ń lò láti ahéré. Ojú rẹ̀ mọ́ rekete, kò sí ihò òjò kankan níbẹ̀.

"Ẹni yìí wá lẹ́yìn òjò," ni Auntie wí.

"Abdulhakeem lè jí lójú oorun kó wọ bàtà," ọ̀gá obìnrin fèsì. Mi ò lè sọ pé kò ní ọgbọ́n.

"Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí ẹni náà ṣe rìn."

Ẹsẹ̀ náà wá láti ọ̀nà ahéré, ó dúró létí àgò, ṣùgbọ́n kò yí padà. Ó kọjá àgò lọ, ó rìn lọ sí iwájú tó ogójì ìṣísẹ̀, ó yípo, ó sì gba etí omi lọ síbi àwọn òkúta tó wà ní apá ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀.

"Ó fẹ́ kí omi pa ẹsẹ̀ rẹ̀ rẹ́," ọ̀gá obìnrin wí.

"Kí ló dé tí kò wá gba etí omi wá? Chloe, jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń kọ́ ẹni tuntun, kí lẹ máa ń sọ fún un nípa ìtẹ́?"

"Pé kó má sún mọ́ ọn. Ogún ìṣísẹ̀, kó lo awò."

"Kí a tó máa fi àgò bò ó ńkọ́?"

Chloe wo ojú ẹsẹ̀ tó wà lórí iyanrìn náà bí ẹni tó rí ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ.

"Wọ́n máa ń kọ́ wa pé a ò gbọdọ̀ yí padà nídìí ìtẹ́," ó wí. "Raccoon máa ń gbóòórùn ẹsẹ̀ ènìyàn. Bí ẹsẹ̀ náà bá parí síbì kan, ó mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. Nítorí náà, a máa ń kọjá lọ ni, ká wá yípo. Ọdún kẹsàn-án rèé tí a kò ti kọ́ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Oṣù kẹta ọdún yìí ni Abdulhakeem dé," Auntie Morufat wí. Ó ju ẹ̀pà kan sẹ́nu.

Ó wá yé mi. Ẹni tó jí ẹyin náà ń dáàbò bo ìtẹ́ tó ti ṣófo lọ́wọ́ raccoon. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè rìn lọ́nà mìíràn.

*

Ọ̀rọ̀ náà ìbá ti dúró síbẹ̀, ṣùgbọ́n Auntie rí ẹ̀ka igi mẹ́ta tí wọ́n fi gúnlẹ̀ láàárín omi àti àgò, ní ìlà kan. A ti rí wọn tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa ló rò pé ọmọdé ló fi ṣeré.

"Ọmọ ta ni yóò wá ṣeré níbí ní ìdájí? Ẹni náà gún ọ̀kan sílẹ̀ níbi tí omi dé, ó dúró, omi gùn ún. Ó gún èkejì, omi gùn ún. Ẹ wo ìfófòó omi tó gbẹ sídìí ẹ̀kẹta." Ìṣísẹ̀ méjì péré ni ẹ̀kẹta fi jìnnà sí àgò. "Ìgbà tó dé ibí ni kò lè dúró mọ́. Kì í ṣe olè, madam. Ẹni tó ń wo omi tó fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ ni. Ẹyin igi yẹn kì í ṣe láti tan Chloe jẹ. Ó fi sílẹ̀ kí ìyá wọn má baà kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀ ni."

Ọ̀gá obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo igi mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ̀kọ́ dára. Orúkọ ni mo nílò. Mo sì nílò ẹyin."

Kò sí ẹni tó sọ orúkọ náà jáde. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀ ọ́n. Lára àwọn tí wọ́n kọ́ bẹ́ẹ̀, Chloe àti ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sọ́dọ̀ wa.

"Ilé rẹ̀ jìnnà," mo wí. "Ogójì ìṣẹ́jú."

"Ẹni tó rora tó báyìí kò ní gbé ẹyin gba inú gegele lọ fún ogójì ìṣẹ́jú," Auntie dáhùn. "Ẹyin ń fẹ́ ooru, ooru tó sún mọ́ tòsí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé òkúta yẹn."

*

Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà nísàlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ ojú omi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ooru sì ti bo gbogbo gíláàsì rẹ̀. Auntie kan wíńdò jẹ́jẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì kúnlẹ̀ sórí kọnkéré.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

"Morufat, pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn ń wọlé."

Alhaji Bọ́ládé ló jókòó síbẹ̀, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin. Sòkòtò rẹ̀ rin dé orúnkún, òógùn bò ó lójú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga mọ́tò tó ń gbóná, fìlà onírun rẹ̀ wà níbẹ̀ tí ó fi ṣáàlì yí ká, ẹyin mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀. Irin tóóró tí ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ìyá Kaosarah, fi ń wọn ooru ẹran nínú ófùn ló kì bọ àárín wọn. Ó ń fi ìka kan yí ẹyin kan bí ó ti ń bá wa sọ̀rọ̀.

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà láàyè. Mo gbọ́ ohùn ọ̀kan."

"Alhaji, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ta ni n bá sọ fún? Atẹ́gùn ìlà oòrùn ni mo rí lójú wíńdò mi, ni mo fi wá. Àga ṣófo, mo fi kọ́kọ́rọ́ tèmi ṣí ahéré. Mo pe ọ́fíìsì, nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún wa, ìgbà mọ́kànlá. Sunday ni. Machine ló ń dá mi lóhùn."

"Ìgbà tí omi wá padà sẹ́yìn ńkọ́, sà?"

Bàbá náà tún yí ẹyin kan. Ó nu ojú.

"Mo ti ń múra láti dá wọn padà. Mo rí mọ́tò ìjọba. Ẹ̀rù bà mí, Morufat. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń sọ fún ènìyàn pé ọwọ́ kò gbọdọ̀ kan ẹyin. Wọ́n máa lé mi. Láti ìgbà tí ìyá Kaosarah ti lọ, kò sí ibòmíràn tí mò ń lọ láàárọ̀."

Mo nífẹ̀ẹ́ bàbá yìí, inú sì bí mi sí i. Mo sọ fún un pé wọ́n ti mú Abdulhakeem, pé aago mẹ́wàá ni wọ́n ń gbé e lọ, àti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún ìbúra rẹ̀.

Alhaji gbé fìlà náà mọ́ àyà, ó fi jákẹ́ẹ̀tì bò ó.

"Fọlá, bá mi ṣí ilẹ̀kùn."

*

Ó rìn dé iwájú ọ̀gá obìnrin náà láìdúró. Ó fi ojú wá Abdulhakeem, ó sì kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ kó tó bá ìjọba sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, mo fi ọ́ sínú wàhálà. Mi ò mọ̀. Forí jì mí."

"Alhaji, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo sùn. Ká ní mo wà lórí àga ni, ẹ̀ bá rí mi."

"Èmi ni mo kó wọn," Alhaji wá sọ lédè òyìnbó. "Me. Only me." Ó sì pe orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí obìnrin náà má baà ṣì í kọ.

Ọ̀gá obìnrin fa ìlà pa orúkọ Abdulhakeem rẹ́. Mo rí i bó ṣe fà á, ẹ̀ẹ̀mejì, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run sókè ketekete. Ó mú tọ́ọ̀ṣì kékeré kan, ó gbé e sẹ́yìn ẹyin kọ̀ọ̀kan. Òjìji kan ta pútú nínú ti àkọ́kọ́. Ti èkejì náà ta, ti ẹ̀kẹta, ti ẹ̀kẹrin. Mi ò rí ojú obìnrin náà dáadáa, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó pa tọ́ọ̀ṣì.

"Mo máa kọ ohun tí mo rí," ó wí. "Igi mẹ́ta, omi, àti ẹyin tó gbóná. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa pè yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n òfin ibí yìí kò yí padà, sà. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ẹyin kò lè kọjá okùn tí ẹ ta yí ibí ká mọ́ lọ́dún yìí."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń ka òfin yẹn fún wọn." Ó ti yọ káàdì rẹ̀ lọ́rùn kí Chloe tó na ọwọ́. Chloe ń sunkún, kò sì fi pamọ́.

Wọ́n kó ẹyin igi kúrò, wọ́n dá ẹyin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà sínú ìtẹ́, a sì sún sẹ́yìn. Alhaji lọ dúró lẹ́yìn okùn, níbi tí àwọn olùṣèbẹ̀wò máa ń dúró sí, ọ̀nà jíjìn tí ojú àgbà kò lè rí nǹkan kan. Auntie Morufat lọ dúró tì í. Abdulhakeem tí kò tíì sùn láti àná lọ da omi orí àga rẹ̀ nù, ó jókòó, ó gbé ojú lé awò.

A dúró. Ìṣẹ́jú kan, méjì, mẹ́ta.

"Baba!" Abdulhakeem kígbe láìgbé ojú kúrò lórí awò. "Ó ń bọ̀ o! Ó ń sáré bọ̀ létí omi!"

"Ṣé ó ti dé ìdí àgò?"

"Ó ti wọlé! Ó ń fi ẹnu yí wọn, ọ̀kan, méjì... Baba, ó ti jókòó lé wọn!"

Alhaji Bọ́ládé fi ọwọ́ méjèèjì di okùn náà mú, omijé sì ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. "Máa wò ó, ọmọ mi," ó ń sọ. "Máa sọ fún mi."